Áàpù inú fóònù àbí kátálọ́ọ̀gù? Oṣù mẹ́rin mi pẹ̀lú agolo sítáǹpù

Nígbà tí a sin ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí a ń pè ní Bàbá, tán ní Kaduna, tí wọ́n pín aṣọ, tí wọ́n pín àga, agolo bisikíìtì kan ló kàn mí. Kò sẹ́ni tó bá mi dù ú. Sítáǹpù ló kún inú rẹ̀, bí ẹgbẹ̀ta, òmíràn ṣì lẹ̀ mọ́ igun àpò lẹ́tà tí wọ́n ti gé e. Rélùwéè ni Bàbá ṣiṣẹ́ ká, láti ìgbà tí Kaduna ṣì jẹ́ olú ìlú gbogbo Àríwá, wọn kì í sì í sọ àpò lẹ́tà nù. Mo gbé agolo náà wá sí Kubwa. Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀: kí ni ìwọ̀nyí, èló sì ni?

Oṣù kẹrin rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Mo lo áàpù méjì tí ń fi kámẹ́rà dá sítáǹpù mọ̀ (n kò ní dárúkọ wọn, ẹ ó rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́). Mo lo Colnect, ìyẹn kátálọ́ọ̀gù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo sì ra kátálọ́ọ̀gù Stanley Gibbons tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé, èyí tó kó sítáǹpù ilẹ̀ọba Bírítéènì jọ láti 1840 dé 1970. Àlòkù ni, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ló bá mi gbé e bọ̀ láti London. Ìwé yẹn wúwo bíi bíríkì, ọ̀rẹ́ mi ò tíì dárí jì mí títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin áàpù, nítorí ó tọ́ sí i. Ìdajì ohun tó wà nínú agolo yẹn kì í ṣe ti Nàìjíríà. Ọ̀kan kọ “Helvetia”. Kí n tó yanjú ìyẹn fúnra mi, ilẹ̀ á ti ṣú. Mo na fóònù sí i, ó ní Switzerland. “Magyar Posta” ńkọ́? Hungary. Àwọn ti Bírítéènì kò tilẹ̀ kọ orúkọ ilẹ̀ kankan sára tiwọn, orí ọba tàbí ti ọbabìnrin lásán ni. Níbi báyìí, ìwé kò lè ràn yín lọ́wọ́, torí orúkọ ilẹ̀ ni wọ́n fi to inú ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ilé baba sítáǹpù, ojú ewé wo ló fẹ́ ṣí? Òkìtì ẹ̀pà tó wà lára sítáǹpù pẹ́nì kan ààbọ̀ ti 1953 wa, fóònù ti dá a mọ̀ kí n tó gbé ọwọ́ kúrò.

Orí owó ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Sítáǹpù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ “Northern Nigeria” sí, pẹ́nì kan, àwọ̀ elésè àlùkò àti pupa, orí Ọba Edward Keje. Ìdajì òǹtẹ̀ Zungeru ṣì hàn lára rẹ̀, Zungeru tó jẹ́ olú ìlú kó tó kan Kaduna. Mo yà á fún áàpù. Ó ní ti 1902 sí 1904 ni, ó ní owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là kan títí dé iye kan tí òdo inú ẹ̀ pọ̀ débi pé mo ní láti fi ìka kà á. Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo fi àwòrán ojú fóònù náà sórí WhatsApp ẹbí. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí àbúrò mi fi pè láti Kaduna: “Àǹtí, ẹ má tà á o! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án!” Àwọn tí kò wo agolo lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ ìpín wá rántí pé ogún baba àwọn ni.

Ìwé ló tú àṣírí òdo wọ̀nyẹn. Ní 1904, Northern Nigeria ṣe sítáǹpù £25 jáde, orí ọba kan náà, fúrémù kan náà, ó sì wà lára àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ọba Bírítéènì. Áàpù rí i pé wọ́n jọra, ó kó ti pẹ́nì kan wa àti ti £25 sínú àpò kan, ó wá dá owó lé àpò. Nínú ìwé, oníkálukú ló ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú iye èyí tí wọn kò tíì lò àti èyí tí wọ́n ti lò. Tiwa, tí wọ́n ti lò, kò tó pọ́n-ùn márùn-ún. Stanley Gibbons, tí àwọn náà ń ta sítáǹpù, sì ti là á mọ́lẹ̀ níwájú ìwé pé iye tí àwọn máa tà á fún yín nìyẹn, bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá, kì í ṣe iye tí àwọn máa rà á lọ́wọ́ yín. Tiwa ti ká eyín méjì lápá ọ̀tún, ìyẹn àwọn ṣóńṣó wẹ́wẹ́ tó yí etí sítáǹpù ká. Mo fi ìyẹn náà sórí WhatsApp. Gbogbo ilé dákẹ́.

Ìbejì ni áàpù kò mọ̀ yà sọ́tọ̀. Ẹ wo sítáǹpù erin, pẹ́nì kan, ti 1965. Láàárín 1969 sí 1972 wọ́n tún erin kan náà tẹ̀, àmọ́ wọ́n fi “N.S.P. & M. Co. Ltd” sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà tó kéré ju ẹsẹ̀ èèrà lọ, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ owó wa. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo yà wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni fóònù ní 1965 ni méjèèjì.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Ọba George Karùn-ún, ìdajì pẹ́nì aláwọ̀ ewé. Mo ní mẹ́rin, mo rò pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Ìwé ní rárá, inú bébà ni kí n wò, níbi tí àmì tí wọ́n ń pè ní “watermark” fara pamọ́ sí: àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ní adé àti lẹ́tà CA gbàǹgbà nínú, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1921 ní CA tí a kọ bí ìkọ̀wé ọwọ́. Mo gbé wọn sí tọ́ọ̀ṣì, n kò rí nǹkan kan. Mo wá dojú ọ̀kan dé sínú abọ́ dúdú kékeré, mo kán epo láítà lé e lẹ́ẹ̀mejì. Bébà náà ṣú, adé sì yọ, ó ṣe kedere fún bí ìmí mẹ́ta, kí epo tó fò lọ. Kò sí kámẹ́rà tó lè rí i níbi tí mo ti ń ya ojú ọba láti òkè. (Ẹ má dán an wò lára gbogbo sítáǹpù o, yíǹkì òmíràn máa ń ṣí.) Ọyẹ́ sì wà níta lásìkò yẹn, gbogbo èyí tí gọ́ọ̀mù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ká bí ewé gbígbẹ, òjìji wọn sì ń da fóònù lójú rú.

Ìwé náà ní àbùkù tirẹ̀. Lẹ́tà inú ẹ̀ kéré. Láìsí gíláàsì, ẹ gbàgbé ẹ̀. Àwòrán ò pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ṣàpèjúwe ìyókù. Iye owó inú tèmi ti gbó. Ó sì dúró ní 1970, nítorí náà gbogbo ti kọ́bọ̀ láti 1973 wá, bíi ti ọdún ẹja Argungu, orí Colnect ni mo ti wá wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń kọ nọ́ńbà tí kátálọ́ọ̀gù Stanley Gibbons, Scott àti Michel fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ló kù lórí fóònù mi nínú àwọn mẹ́ta.

Ọ̀kan nínú àwọn áàpù méjì yẹn fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, alẹ́ẹ̀tì báǹkì ló jí mi: wọ́n ti yọ owó ọdún kan gbáko. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Ìràwọ̀ mẹ́ta fún dídá orúkọ mọ̀, ìràwọ̀ kan fún iye owó, ìyẹn gan-an torí pé ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Ìwé náà kò sí nílé báyìí. Àbúrò mi wá láti Kaduna wá wo Zungeru yẹn fúnra rẹ̀, ó jókòó tì í títí iná fi lọ, ó wá ní kí n yá òun ní ìwé fún ọjọ́ méjì péré. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Tí mo bá pè, á ní òun ṣì ń ka eyín.