Kọ́ọ̀tì convertible tàbí kọ́ọ̀tì lásán? Mo ti lo méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n wí tẹnu mi

Ohun tó bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tì yìí, bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́, kò ju íńṣì mẹ́ta lọ. N óò débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí owó ṣe kúrò lọ́wọ́ mi.

Oṣù Kejìlá ọdún 2020, oyún Mofẹ́, àkọ́bí mi, ti wọ oṣù kẹjọ. Kubwa ní Àbújá là ń gbé nígbà yẹn, yàrá méjì àti pálọ̀. Mo rí convertible kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse 2, ọjà Amẹ́ríkà, funfun báláú, ẹ̀yìn rẹ̀ ga bí àga ọba. Ọmọkùnrin tó ń tà á ṣàlàyé pé kọ́ọ̀tì ni yóò jẹ́ fún ọmọ jòjòló. Bí ọmọ bá ti ń rìn, a ó yọ ẹ̀gbẹ́ iwájú, yóò di bẹ́ẹ̀dì kékeré. Bó bá dàgbà sí i, ẹ̀yìn gíga yẹn ni yóò di orí bẹ́ẹ̀dì ńlá. "Àǹtí, títí ọmọ yín á fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni o!" ₦140,000. Bàbá Mofẹ́ ní ká lọ sí Kugbo, kí káfíńtà kan ọ̀kan fún wa, pé owó rẹ̀ ò ní tó ìdajì ìyẹn. Mi ò gbọ́. Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ni mò ń rà lówó ẹyọ kan.

Fóòmù ló kọ́kọ́ là mí lójú. Convertible yẹn gba fóòmù íńṣì 28 ní 52, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Fóòmù ọmọ tí àwọn onífóòmù ń kó síta níbí, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní mẹ́rin ni, ìyẹn íńṣì 24 ní 48. A tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, àlàfo íńṣì mẹ́rin ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ mi wọ ibẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún wa pé bí àlàfo tó wà láàárín fóòmù àti igi bá ti gbà ju ìka méjì lọ, fóòmù yẹn ti kéré jù. Ọmọ lè yí síbẹ̀, kí ojú rẹ̀ há, kó má lè mí. Màámi, ìyá ọkọ mi tó wá bá wa wẹ ọmọ, ní ká ká ìró ká fi dí i. Mo ní rárá, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ìrọ̀rí tàbí aṣọ tó tú sílẹ̀ níbi tí ọmọ ìkókó bá ń sùn, ẹ̀yìn ni ká sì máa fi tẹ́ ẹ. Màámi wo ọmọ, wọ́n wo àwọn ọ̀pá funfun yẹn. "Ẹ ti há ọmọ mi mọ́ àkámọ́ bí adìẹ ọdún, ẹ ò tún fún un ní ìrọ̀rí." A padà lọ bá onífóòmù, ó gé ti ìwọ̀n náà fún wa lọ́tọ̀, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ọjà.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, kọ́ọ̀tì náà lágbára. Ibi tí fóòmù jókòó lé ní ipele mẹ́ta. Nígbà tí Mofẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, a gbé fóòmù wá sí ipele ìsàlẹ̀, kí ọmọ má baà dìde kó ré sílẹ̀. Igi rẹ̀ kò mì, kò ké. Àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ àti orí rẹ̀ méjèèjì dí pa, kò sí ọ̀pá níbẹ̀ tí atẹ́gùn lè gbà. Ẹni tó bá ti sun oṣù Kẹta ní Àbújá láìsí NEPA yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Bí mo bá gbé Mofẹ́ lóru, òógùn á ti ya àwòrán ara rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Ó tún tóbi. Àwọn dókítà ní kí ọmọ sùn ní yàrá òbí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ó kéré tán, lórí ibùsùn tirẹ̀. A gbé e sí yàrá wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀kùn kan lára wọ́dúróòbù wa ò ṣí mọ́.

Oṣù Kẹsàn-án 2022 ni àbúrò rẹ̀ fẹ́ dé. Mofẹ́ kò tíì pé ọdún méjì, inú kọ́ọ̀tì ló ṣì wà. Mo ní ó yá, ẹ jẹ́ ká yọ ẹ̀gbẹ́ iwájú kó di bẹ́ẹ̀dì kékeré. Ìgbà náà la wá mọ̀ pé igi kúkúrú tó ń dá ọmọ dúró kó má baà ré bọ́ lóru kò sí nínú páálí. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀ ni. Mo pe ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ títí di òní. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mofẹ́ já bọ́ sórí táìsì kí a tó dá ẹ̀gbẹ́ náà padà sípò. Ọmọ méjì, kọ́ọ̀tì kan. Ìṣirò tí mo ṣe ní 2020 kò ka ọmọ kejì mọ́ ọn.

Ni mo bá gba Kugbo lọ lọ́jọ́ Sátidé kan, mo mú agolo mínírà òfìfo sínú báàgì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni káfíńtà tí wọ́n júwe fún wa, ó ti lé lógún ọdún ní Òkè Ọya, Hausa ẹnu rẹ̀ já geere ju Yorùbá tèmi lọ. Ó gbé kọ́ọ̀tì kan tó ti kàn sílẹ̀ síwájú mi. Mo yọ agolo, mo tì í sáàárín ọ̀pá méjì, ó gba ibẹ̀ kọjá bí onílé tó ń wọlé rẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí, ó wo agolo.

"Àǹtí, kọ́ọ̀tì lẹ wá rà ni, àbí kréètì mínírà?"

Mo ṣàlàyé pé àárín ọ̀pá kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ntímítà 6 lọ, kí ara ọmọ má baà yọ́ jáde kí orí há sẹ́yìn. Agolo mínírà tó sanra, kì í ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, fi díẹ̀ ju sẹ̀ntímítà 6 lọ, nítorí náà ibi tí agolo bá ti gbà, ó ti fẹ̀ jù. Ó yọ pẹ́ńsù létí, ó fàlà sẹ̀ntímítà 5 sára igi afárá, ó ní òun á fi ọ̀pá kún un. Mo ní kó má kun ọ̀dà, kó kàn fi sáńpépà fá a kó dán. ₦48,000, ọ̀sẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ní mẹ́rin, fóòmù ọjà wọ̀ ọ́ rẹ́gí, ọ̀pá ló yí i ká, atẹ́gùn ń wọlé, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó láìṣẹ́kù. Ó sì gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù ní gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé àwọn kọ́ọ̀tì tòkunbọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ wọn ń lọ sókè sódò. Amẹ́ríkà ti fòfin de ṣíṣe àti títà irú rẹ̀ láti oṣù Kẹfà 2011, nítorí ẹ̀gbẹ́ náà máa ń yẹ̀, ọmọ á sì há. Bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ní 2024, onílé fowó lé owó ilé, a kó lọ sí Lokogoma. Convertible náà kì í ṣe igi gidi, MDF ni, lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gúlúù tẹ̀ pọ̀. Wọ́n tú u, ìyẹ̀fun ń dà lójú síkírù. Nígbà tí a fẹ́ tò ó padà, mẹ́ta nínú síkírù rẹ̀ ń yí lásán ni. Ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀, tó sì fẹ́ fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sáàárín ọmọ, á jẹ àǹfààní convertible, bó bá ti ka gbogbo ègé rẹ̀ nínú páálí kó tó sanwó. Ayálégbé tó ń bímọ tẹ̀ léra bíi tèmi, kó gba Kugbo lọ.

A padà sọ convertible yẹn di bẹ́ẹ̀dì ńlá náà. Igi gígùn méjì tó so orí mọ́ ẹsẹ̀, ọjà ọ̀tọ̀ ni, mo tún padà sọ́dọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fún un ní ìwọ̀n inú ìwé: íńṣì 54 ní 75. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. ₦35,000. Mo wá ra fóòmù ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àbọ̀ ní mẹ́fà, a tẹ́ ẹ. Fífẹ̀ rẹ̀ bá a mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, íńṣì 72 ni, ọjà wa sì nìyẹn. Àlàfo íńṣì mẹ́ta wà nídìí bẹ́ẹ̀dì títí di òní. Mofẹ́ ti sọ ọ́ di àpótí: bọ́ọ̀lù kékeré kan, sọ́ọ̀kì ẹsẹ̀ kan, àti rìmóòtù tí a ti wá ká gbogbo ilé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.