Seoul, Busan tàbí Jeonju: Ibo Ni Kí Arìnrìn-àjò Ti Jẹun ní Kòríà?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá rìnrìn-àjò dé Kòríà Gúúsù ló máa ń ná owó oúnjẹ rẹ̀ tán sí Seoul, torí pé ìtòsí ibẹ̀ ni bàálù ń balẹ̀ sí. Owó yẹn ì bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Reluwé ayára KTX ń gbéni dé Busan ní nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀, kò sì tó wákàtí méjì tó fi ń dé Jeonju. Bó bá jẹ́ èmi ni ẹ bi, oúnjẹ ọjà ni kí ẹ jẹ ní Seoul, ẹja ni kí ẹ jẹ ní Busan, kí ẹ sì jẹ́ kí ebi pa yín dáadáa kí ẹ tó wọ Jeonju.

Seoul: ọjà ni kí ẹ wọ̀

Ọjà Gwangjang ti wà láti 1905. Àwọn ìyá olóúnjẹ to ìsọ̀ wọn sí àárín ọjà, bẹ́ǹṣì wà níwájú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n ti ń sè é náà lẹ ó ti jẹ ẹ́. Bindaetteok ni kí ẹ béèrè. Ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń rẹ sómi, tí wọ́n ń lọ̀ lórí ọlọ òkúta tí ẹ̀rọ ń yí lójú yín kòrókòró. Wọ́n á po èéhù ẹ̀wà àti ewébẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú òróró gbígbóná. Ẹni tó fi àkàrà dàgbà á ti mọ òórùn rẹ̀ kó tó jókòó. Èyí kàn fẹ̀ tó àwo ni, etí rẹ̀ gbẹ dáadáa, inú rẹ̀ sì rọ̀. Wọ́n á fi àlùbọ́sà tí wọ́n rẹ sínú omi sóyà tì í fún yín. Ẹ wo iye tó wà lára pátákó, kí ẹ sì tún un sọ fún olóúnjẹ, kí ẹ tó jókòó. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè, torí àwọn kan máa ń fi ẹran rẹ̀ sí i.

Àdúgbò Myeongdong ni gbogbo àlejò ń wọ́ lọ lálẹ́, àmọ́ oúnjẹ etí títì ibẹ̀ wọ́n ju bó ṣe dùn lọ. Ẹ fi ojú jẹ ẹ́, kí ẹ pa owó yín mọ́. Ní ilé oúnjẹ lásán ní Seoul, abọ́ bibimbap kan, ìrẹsì tí wọ́n to ewébẹ̀ àti ata lé lórí, ti kọjá 10,000 won, owó ilẹ̀ Kòríà, báyìí.

Busan: ẹja tí ẹ fọwọ́ ara yín yàn

Ní ọjà Jagalchi, ààyè ẹja ló wà nínú omi nísàlẹ̀. Ẹ ó na ìka sí èyí tó wù yín, wọ́n á pa á, wọ́n á sì gbé e lọ sókè fún àwọn tí yóò tò ó síwájú yín. Owó méjì lẹ ó san: ti ẹja fún ẹni tó tà á, àti ti ìjókòó pẹ̀lú ata àti ewébẹ̀, tí wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún àwọn tó wà lókè. Owó kejì yìí ló máa ń ba àlejò lójijì, nítorí náà ẹ béèrè méjèèjì kí ọ̀bẹ tó kan ẹja.

Tútù ni àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ ẹ́, wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ ò bá lè jẹ ẹja tútù, àwọn tó ń yan ẹja wà káàkiri ìtòsí ọjà náà. Bí ẹ bá sì jẹ ẹ́, ẹ má dìde kí wọ́n tó fi orí àti egungun rẹ̀ se maeuntang fún yín. Ọbẹ̀ pupa tó ta gan-an ni. Lójú tèmi, òun gan-an ló tó owó tẹ́ ẹ san.

Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó ẹja lè jẹ dwaeji gukbap, ìrẹsì inú omi egungun ẹlẹ́dẹ̀, ní nǹkan bíi 10,000 won. Milmyeon tún wà, núdù tútù tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ogun 1950 sí 1953 lé wá láti àríwá ló mú irú oúnjẹ yìí wá sí Busan. Nígbà tí wọn ò rí ọkà tí wọ́n fi ń ṣe é nílé, wọ́n fi fúláwà ìrànwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà rọ́pò rẹ̀.

Jeonju: ẹ tètè jí

UNESCO ti ka Jeonju mọ́ àwọn ìlú oúnjẹ láti 2012. Bibimbap ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, nínú abọ́ idẹ, tó ní èéhù sóyà, ewébẹ̀ oríṣiríṣi, ẹran màlúù àti ata gochujang. Ó dùn, àmọ́ àwọn ilé oúnjẹ tó yí Hanok Village, àdúgbò àwọn ilé àtijọ́, ká mọ̀ pé àlejò lẹ jẹ́, iye tí wọ́n ń gbà á sì fi hàn.

Kongnamul gukbap ni kí ẹ wá lọ, ní ọjà Nambu. Ìrẹsì àti èéhù sóyà nínú omi ọbẹ̀ gbígbóná ni, owó rẹ̀ kò sábà dé 10,000 won. Wọ́n á gbé ẹyin tí kò tíì jinná tán wá nínú abọ́ kékeré lọ́tọ̀. Ẹ bu ṣíbí ọbẹ̀ mélòó kan sí i, ẹ rún ewé òkun gbígbẹ lé e, kí ẹ mu ún kí ẹ tó fọwọ́ kan ìrẹsì. Kò sí oúnjẹ kan ní Kòríà tí mo lè fi owó kékeré bẹ́ẹ̀ jẹ tó tẹ́ mi lọ́rùn tó o.

Ta ni ibo bá lára mu?

Ẹni tó dá rìn: Busan tàbí Jeonju, nítorí abọ́ kan fún ẹnì kan ni gukbap. Àwọn ilé ẹran yíyan, pàápàá ní Seoul, kì í sábà ta iye tó dín sí ti ẹni méjì. Ilé makgeolli, ọtí ìrẹsì, ní Jeonju, níbi tí wọ́n ti ń to àwo oúnjẹ kún tábìlì fún ẹni tó bá ra kẹ́tù ọtí kan, tẹgbẹ́tẹgbẹ́ ni wọ́n ń lọ síbẹ̀.

Mùsùlùmí: Seoul ni, láìsí àní-àní. Ní Itaewon, ilé oúnjẹ halal yí mọ́sálásí ńlá tí wọ́n ṣí ní 1976 ká, oúnjẹ ilẹ̀ Adúláwọ̀ náà sì wà ní àdúgbò yẹn. Ní Busan, ẹja ni kí ẹ dì mú. Ní Jeonju, ẹ sọ pé "gogi ppae juseyo", wọ́n á yọ ẹran kúrò nínú bibimbap yín.

Níbi gbogbo, wọn kì í gba owó omi mímu, wọ́n á sì bu kimchi, kábéèjì kíkan aláta, àti àwọn àwo kéékèèké kún un fún yín láìgba kọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń retí kí ẹ fún òun ní nǹkan sẹ́yìn. Naver Map, áàpù àwòrán ilẹ̀ ti àwọn ará Kòríà, ni kí ẹ fi wá ọ̀nà, torí Google Maps kì í fi ọ̀nà ẹsẹ̀ hanni dáadáa níbẹ̀. Láti aago mẹ́ta sí márùn-ún ọ̀sán, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ á tilẹ̀kùn sinmi. Àwọn olóúnjẹ ọjà Nambu kan tilẹ̀ ti máa ń palẹ̀ mọ́ kó tó dìgbà yẹn, nítorí náà reluwé àárọ̀ kùtù ni kí ẹ wọ̀ lọ sí Jeonju.