Ẹ̀kọ́ púùlù lórí fídíò, àti ohun tí ìwé máàkì mi sọ nípa rẹ̀

Sínúkà ni a ń pè é nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n púùlù gan-an ni orúkọ eré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Sínúkà tòótọ́ ní bọ́ọ̀lù 22 lórí tábìlì tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, nígbà tí èyí tí a ń gbá lábẹ́ àtíbàbà ní Ìbàdàn ní bọ́ọ̀lù 15 pẹ̀lú funfun kan tí a ń fi ọ̀pá gbá lu àwọn yòókù, tábìlì rẹ̀ kì í sì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 7 tàbí 8 lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbá a kí n tó rò ó pé ó yẹ kí n kọ́ ọ. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni mo ti ń fi fídíò àti ìdánrawò tún ọwọ́ mi ṣe, èyí tí mo sì lò jù lọ ni àwọn fídíò tí David Alciatore, ẹni tí àwọn tó ń gbá púùlù mọ̀ sí Dr. Dave, gbé sórí YouTube. Èrò mi nípa wọn ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ wọn kò sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ni Alciatore ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà kí ó tó fẹ̀yìn tì, ojú onímọ̀ ẹ̀rọ ló sì fi ń wo púùlù. Kì í kàn sọ pé kí ẹ gbá bọ́ọ̀lù báyìí báyìí. Ó máa ń fi kámẹ́rà tó lè sọ ìpajú kan di ohun tí a ń wò díẹ̀díẹ̀ ya ìgbà tí awọ orí ọ̀pá bá kan funfun, kí a lè rí ohun tí ojú lásán kì í rí. Púpọ̀ nínú àwọn fídíò náà kò gùn, ó sì máa ń fa ìlà sórí àwòrán tábìlì, tó fi jẹ́ pé ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dá múṣémúṣé náà lè tẹ̀ lé e.

Ìlànà tó kọ́kọ́ là mí lójú ni ti dígírì 30. Bí funfun bá ń yí lọ geere, tí ó sì lu bọ́ọ̀lù mìíràn ní ìdajì ara, yóò yà kúrò lójú ọ̀nà tó ń gbà bọ̀ ní nǹkan bí dígírì 30. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù nípọn díẹ̀ (kí funfun bò ó lára púpọ̀) tàbí tín-ín-rín díẹ̀ (kí ó kàn án léteetí), gbogbo rẹ̀ á dàrú. Ṣùgbọ́n láti ìdá kan nínú mẹ́rin bọ́ọ̀lù títí dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyàtọ̀ tó wà nínú ọ̀nà tí funfun ń yà sí kéré débi pé a lè ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀kan náà. Alciatore ní kí a la ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín sí méjì bí igi kànnàkànnà, kí a gbé ọwọ́ náà sókè ibi tí bọ́ọ̀lù méjèèjì yóò ti pàdé, kí ìka kan kọjú sí ibi tí funfun ì bá gbà lọ tààrà ká ní ohunkóhun kò dí i lọ́nà. Ibi tí ìka kejì bá kọjú sí ni funfun yóò gbà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, bọ́ọ̀lù dúdú nìkan ló kù fún mi. Mo la ìka mi, ìka kejì sì kọjú sí àárín ihò ẹ̀gbẹ́ tábìlì gan-an. Ká ní ti tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá gbá a láìmọ̀, dúdú á wọlé, funfun á sì wọlé tẹ̀ lé e, géèmù á di ti ẹnìkejì. Mo wá gbá funfun nísàlẹ̀ àárín díẹ̀ kí ó má tíì máa yí nígbà tó bá fi débẹ̀. Ó yà gba ọ̀nà mìíràn, ó kọ lu etí tábìlì, ó sì dúró. Ohun tí mo lò lọ́jọ́ náà ni ìlànà kejì tí fídíò kọ́ mi: bí funfun bá ń yọ̀ lọ lásán, tí kò yí síwájú tí kò yí sẹ́yìn ní àkókò tó kan bọ́ọ̀lù, ọ̀nà tirẹ̀ àti ọ̀nà bọ́ọ̀lù tó lù yóò pínyà ní dígírì 90. Ìmọ̀ nípa bí àwọn bọ́ọ̀lù yìí ṣe ń rìn kì í ṣe tuntun, nítorí Coriolis, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ti kọ odindi ìwé kan lórí ìṣirò eré bílíádì ní ọdún 1835. Oore tí fídíò ṣe mí ni pé mo lè dá a dúró, kí n fa á sẹ́yìn, kí n tún un wò títí yóò fi yé mi.

Èyí tí mo kà sí iyebíye jù lọ, tí mi ò sì gbọ́ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni nídìí tábìlì, ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù méjì bá fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Wọn a máa di ara wọn mú fún àkókò tí kò tó ìpajú, funfun a sì fa bọ́ọ̀lù kejì díẹ̀ sí ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù náà kì í gba ojú ìlà tí a fi ojú wọ̀n gan-an. Á lọ bí ẹni pé a gbá a nípọn ju bí a ti fẹ́ lọ. Bí a bá rọra gbá a, ìfà náà a máa pọ̀ sí i, bí ara bọ́ọ̀lù bá sì dọ̀tí, a tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ àtíbàbà ní àsìkò ọyẹ́, tí eruku bo ohun gbogbo, yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rọra gbá bọ́ọ̀lù tó dá mi lójú, tí ó kọ lu ètè ihò, tí mo sì sọ pé tábìlì ló dagun. Tábìlì a máa dagun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló jẹ̀bi lọ́pọ̀ ìgbà wọ̀nyẹn. Aṣọ kékeré kan wà nínú àpò mi báyìí, mo sì máa ń nu bọ́ọ̀lù kí a tó tò ó.

Síbẹ̀, oṣù méjì àkọ́kọ́ ni mo fi wo fídíò bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá, ọwọ́ mi kò sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tún máa ń wo Efren Reyes, ará Philippines tó gba ife àgbáyé púùlù oníbọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ní ọdún 1999, ẹwà ọwọ́ ọkùnrin náà sì pọ̀ débi pé mo máa ń dìde dúró níwájú fóònù. Wíwò ó a máa mú kí n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò kọ́ mi bí a ti ń gbá a. Kí n tó mọ Alciatore, mo ti sanwó fún ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n polówó fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ìgboyà àti ìgbẹ́kẹ̀lé ara ẹni ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àrà tí olùkọ́ náà ń fi bọ́ọ̀lù dá. Kò sí ibì kan tó ti ní kí n to bọ́ọ̀lù báyìí, kí n gbá a ní iye ìgbà báyìí, kí n sì kọ iye tó wọlé sílẹ̀. Owó náà dùn mí títí dòní, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní ìbéèrè tí mo fi ń yẹ gbogbo fídíò ẹ̀kọ́ wò: kí ni o fẹ́ kí n lọ ṣe nídìí tábìlì, báwo ni n óò sì ṣe mọ̀ pé mo ti mọ̀ ọ́n?

Ibi tí Alciatore ti ta àwọn yòókù yọ nìyẹn. Ó wà lára àwọn tó dá ìdánwò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Billiard University, ẹnikẹ́ni ló sì lè mú ìwé ìdánwò náà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì wo fídíò tó ṣàlàyé rẹ̀. Nínú àwọn ìdánrawò ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi àmì sí ipò ìpele ìpele lórí tábìlì. Bí ẹ bá ṣe é bó ti yẹ, ẹ ó sún sí ipò tó le jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kùnà, ẹ ó padà sí èyí tó rọrùn. Èyí tó wù mí níbẹ̀ ni pé kò fi ààyè sílẹ̀ fún ẹ̀tàn. Ẹni tó bá dá nìkan ń gbá bọ́ọ̀lù kiri orí tábìlì, èyí tó wọlé ni yóò rántí, èyí tó kùnà á sì pòórá lọ́kàn rẹ̀.

Èyí tó dá mi dúró pẹ́ jù ni ti kí funfun dúró gbọn-in síbi tó ti lu bọ́ọ̀lù. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Bí bọ́ọ̀lù méjèèjì kò bá jìnnà síra ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ, mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Nígbà tí mo sún un di ẹsẹ̀ bàtà 4, nínú mẹ́wàá tí mo gbá, mẹ́ta péré ni funfun dúró. Ìdí rẹ̀ ni pé aṣọ tábìlì máa ń jẹ yíyí sẹ́yìn tí a fún funfun díẹ̀díẹ̀ bó ti ń lọ, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀nà bá jìn, àfi kí a gbá a nísàlẹ̀ sí i tàbí kí a gbá a le sí i. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé tí mo rà fún iṣẹ́ yìí: 3 nínú 10.

Àbá kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn olùkọ́ púùlù ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣe mí. Mo gbé bọ́ọ̀lù onílà sí ipò funfun, mo dá ìlà náà dúró ṣánṣán kí ó kọjú sí ibi tí mo fẹ́ gbá a sí, bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ yí lọ. Bí a bá gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ láàárín gbùngbùn, ìlà náà á máa yí lọ láìmì. Tèmi ń jó bí òòṣà. Mo gbé bọ́ọ̀lù náà sókè, àmì ṣọ́ọ̀kì búlúù sì wà lára rẹ̀ kedere, ní ọ̀tún àárín ìlà náà, ó fi tó ìbú èékánná ìka kékeré. Lẹ́yìn náà ni mo gbé fóònù jókòó sórí kíréètì mínírà, mo ya ara mi, mo sì rí i pé orí àti èjìká mi ti ń dìde kí ọ̀pá tó kan bọ́ọ̀lù rárá. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń sọ pé ojú mi ni kò ríran dáadáa.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti nílò àtúntò kí ó tó bá ipò wa mu, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò ti jáwọ́. Tábìlì oníkọ́ìn ni èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Bọ́ọ̀lù tó bá ti wọ ihò kò ní jáde mọ́ títí a ó fi san owó géèmù mìíràn. Kò sí bí a ṣe lè fi ìyẹn gbá bọ́ọ̀lù kan náà nígbà mẹ́wàá. Mo lọ bá ẹni tó ni tábìlì, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa wá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ kí àwọn oníbàárà tó dé, kí n máa san owó wákàtí kan.” Ó wò mí, ó ní, “Àbúrò, ìwọ nìkan? Ta ni ẹ ó jọ máa gbá a?” Mo fi ìwé máàkì mi hàn án. Ó ṣí àpótí abẹ́ tábìlì fún mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kọ nǹkan sórí aṣọ òun. Òrùka pépà kékeré ni mo fi ń sàmì sí ipò bọ́ọ̀lù láti ìgbà náà.

Funfun inú ọ̀pọ̀ tábìlì oníkọ́ìn tún máa ń wúwo tàbí kí ó tóbi ju àwọn yòókù lọ díẹ̀, kí ẹ̀rọ lè yà á sọ́tọ̀. Irú funfun bẹ́ẹ̀ a máa fẹ́ tẹ̀ síwájú lẹ́yìn tó bá lu bọ́ọ̀lù, fífà á sẹ́yìn a sì máa le, nítorí náà kí ẹ má ṣe retí kí dígírì 90 pé pérépéré lórí rẹ̀. Ní ti ìwọ̀n, tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 9, tí ojú ìgbábọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 100 sí 50, ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń fi ṣe fídíò. Ẹ fi àmì tó wà ní etí tábìlì ka ọ̀nà dípò ẹsẹ̀ bàtà. Apá mẹ́jọ ni wọ́n pín òró sí, apá mẹ́rin sì ni ìbú, ìdánrawò náà á sì bá tábìlì èyíkéyìí mu.

Ẹni tó kàn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù gbafẹ́ nírọ̀lẹ́ kò nílò gbogbo èyí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní ti gidi ni mo ń bá sọ̀rọ̀, mo sì rọ̀ ọ́ kí ó wo fídíò dígírì 30 àti ti dídá funfun dúró, kí ó gbà wọ́n sílẹ̀ sórí fóònù nígbà tí dátà bá wà, kí ó má sì wo ẹ̀kẹta títí yóò fi gbá ohun tó wò ní ọgbọ̀n ìgbà ó kéré tán. Bí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, kí ó máa bá iwin gbá, ìyẹn alátakò tí kò sí níbẹ̀ rárá: kí ó fọ́n bọ́ọ̀lù ká, kí ó gbé funfun síbi tó bá wù ú, bí ó bá sì kùnà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iwin ló borí. Iwin tèmi ṣì ń nà mí lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nínú mẹ́wàá ní ẹsẹ̀ bàtà 4, funfun dúró ní méje. Mo ti sún un di ẹsẹ̀ bàtà 5 báyìí, ohun tó sì wà nínú ìwé fún ìyẹn ni 2 nínú 10.