Àgbéyẹ̀wò SimplePlanes: kíkan bàálù onípáànù tí inú rẹ̀ ṣófo

SimplePlanes, tí ilé-iṣẹ́ Jundroo gbé jáde, kì í ṣe eré wíwa bàálù lásán. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kan án kẹ́ ẹ tó gbé e fò, lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ ti kíkan nǹkan ni, mo fún un ní 4 nínú 5. Iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀ ni bàálù tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ẹ lè to ìjókòó sí.

Fuselage lásán, ìyẹn ẹ̀yà tí a fi ń kan ara bàálù nínú eré náà, dì gbagidi ni. Ẹ sọ ọ́ di páànù: kó fẹ̀, kó gùn, kó tín-ín-rín, kẹ́ ẹ wá tò wọ́n yípo bí àwọn wẹ́dà Òṣogbo ṣe ń jó páànù pọ̀ di táńkì. Hard, ìyẹn igun tó mú ṣánṣán, ni kẹ́ ẹ fi gbogbo igun rẹ̀ sí. Igun róbótó máa ń fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí páànù méjì ti pàdé.

Páànù 8 ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ yí ìkọ̀ọ̀kan ní dígíríì 45 sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ fi 0.414 sọ ìbú ara bàálù di púpọ̀, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni ìbú páànù; ara tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 2 máa gba páànù 0.83. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó róbótó sí i, ẹ lo 12, dígíríì 30, kí páànù ara 2 yẹn jẹ́ 0.54. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: ara tó ní ìpín 6 láti iwájú dé ẹ̀yìn (páànù tó yípo lẹ́ẹ̀kan ni ìpín kan) máa jẹ páànù 48 tàbí 72, fóònù kékeré á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ààrò. Ojú òde ni kẹ́ ẹ fi wọn ìbú. Bó bá jẹ́ ojú inú lẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹnu páànù á là síta.

Ìdí bàálù ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Wọ́n á máa yí páànù ní ìkọ̀ọ̀kan kó lè tẹ̀ wọlé, kò sì ní bára mu láé. Rise ni kẹ́ ẹ lò, ìyẹn nọ́ńbà tó ń gbé ẹnu kan páànù sókè tàbí sísàlẹ̀ ju ẹnu kejì lọ. Tí ara bá ń dín láti 2 sí 1, ẹ jẹ́ kí iwájú páànù jẹ́ 0.83, ẹ̀yìn 0.41, kí rise jẹ́ 0.5. Bó bá ṣí síta dípò kó wọlé, ẹ fi àmì òdì ṣáájú 0.5 yẹn.

Ẹ má so páànù mọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá já nígbà tí bàálù bá balẹ̀ gbì, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á bá a lọ. Ẹ na fuselage tín-ín-rín kan sábẹ́ ilẹ̀ inú bàálù láti cockpit (ibi tí awakọ̀ ń jókòó) dé ìdí, kó jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Òun ni kẹ́ ẹ so ìpín kọ̀ọ̀kan àti táyà mọ́. Inú rẹ̀ náà lẹ máa rọ epo sí, torí ibi tí epo ì bá wà lẹ ti gbẹ́ sófo yẹn.

Kẹ́ ẹ tó fò, ẹ wo àmì pupa, ibi tí ìwúwo kó jọ sí. Ó gbọ́dọ̀ wà níwájú àmì búlúù tó jẹ́ ti agbára ìgbésókè. Imú tó ṣófo kì í wúwo, nítorí náà ẹ́ńjìnnì ìdí máa ń fa pupa sẹ́yìn, bàálù á sì gbójú sókè, á yí dànù. Dead weight, ìyẹn ẹrù tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó wúwo lọ, ni kẹ́ ẹ máa fi sí imú díẹ̀díẹ̀ títí pupa á fi kọjá búlúù.

Ohun tó jẹ́ kí n yọ 1 kúrò nínú 5 ni pé kò sí bọ́tìnnì tó lè to páànù yípo fúnra rẹ̀. Ọwọ́ la fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Mirror, bọ́tìnnì tó ń da apá kan bàálù kọ sí òdìkejì, ń kó apá kejì jáde lóòótọ́, àmọ́ ẹ parí apá àkọ́kọ́ pátápátá kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.