Ohùn dákẹ́ lójú àwọn ọmọ: àgbéyẹ̀wò láíbìrì ohùn tí mo fi owó mi rà

Ìyá olùkọ́ kan wà ní London tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa tí a bí síbẹ̀ ní èdè Yorùbá ní gbogbo Sátidé. Èmi ni mo ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ọmọ á tẹ igba, á gbọ́ ọ. Á tẹ igbá, ìgbà, igbà, á sì gbọ́ ìyàtọ̀ wọn. Ohùn ìyá gan-an la gbà sílẹ̀ sínú rẹ̀.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹta, mo wà n'Íbàdàn, mo ń wo kíláàsì wọn lórí fídíò. Ọmọ mẹ́rìnlá ló jókòó. Ìyá ti kọ́kọ́ fi íápíìsì dán ètò náà wò, ó ń sọ̀rọ̀ geere. Wọ́n wá yọ wáyà íápíìsì kúrò lára láptọ́ọ̀pù kí ohùn lè gba sípíkà Bluetooth tó wà lórí tábìlì jáde. Wọ́n tẹ igbá. Kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n tún un tẹ̀. Ìlà àwọ̀ ewé tó máa ń fi ibi tí ohùn dé hàn dúró gbagidi síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sún rárá.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí ti yadi o."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pa á, kí ẹ tún un ṣí."

Wọ́n pa á, wọ́n ṣí i, ó sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Bluetooth já, ó tún yadi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ ti dìde lórí ìjókòó. Mo wà lábẹ́ fáànù, òógùn ń bò mí. Ìtìjú ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Láíbìrì (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ, téèyàn ń fi sínú ètò tirẹ̀) tó ń gbé ohùn jáde nínú ètò mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ń tà á. Ohun tó gbé wa pàdé ni pé kí n kọ kóòdù lẹ́ẹ̀kan, kó máa sọ̀rọ̀ lórí Windows, macOS àti Linux, kí n má baà máa bá WASAPI ti Windows, Core Audio ti macOS àti ALSA ti Linux, ìyẹn ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà gbé ohùn jáde, wọ̀yá ìjà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká má parọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi gbé e sórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta, gbogbo wọn sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo kọ̀wé sí wọn lálẹ́ Sátidé ọ̀hún. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí èsì tó dé: kí n pa kọ̀ǹpútà kí n tún un tàn, kí n fi dráífà tuntun (ètò tó ń darí ẹ̀rọ ohùn) sí i. Kọ̀ǹpútà ta ni? Mo fi àkọsílẹ̀ àṣìṣe ránṣẹ́. AUDCLNT_E_DEVICE_INVALIDATED wà níbẹ̀ gàdàgbà, lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì bá àsìkò tí ohùn dákẹ́ mu. Ẹlòmíràn fèsì, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ, bí ẹni dà á kọ. Ẹnì kẹta ní irú Windows wo ni mò ń lò, bẹ́ẹ̀ òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lọ báyẹn.

Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan WASAPI rí mọ ohun tí àṣìṣe yẹn ń wí: sípíkà tí o ṣí ohùn sí ti lọ, ọ̀nà yẹn ti kú, lọ ṣí òmíràn. Lórí Mac, Core Audio lè máa tẹ̀lé sípíkà tí ẹni tó ń lò ó bá yàn. Lórí Linux, PulseAudio tàbí PipeWire, àwọn ètò tó ń pín ohùn níbẹ̀, á gbé ohùn lọ sórí èyí tó kù. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn yẹn ni láíbìrì yìí ń gba ìyìn rẹ̀. Lórí Windows, níbi tó ti yẹ kó ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ sanwó, ó gba àṣìṣe náà, ó gbé e mì, ó sì panu mọ́. Kò tilẹ̀ ta ètò mi lólobó pé nǹkan kan ṣe.

Ọjọ́ kejìlá ni obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan kọ̀wé sí mi. Ìbéèrè méjì péré ló bi mí: èwo ló kọ́kọ́ kúrò, wáyà ni àbí Bluetooth? Ṣé ìlà náà dúró ni, àbí ó ń rìn láìsí ohùn? Bí mo ṣe ka ìbéèrè yẹn ni ara mi rọ̀, torí ó hàn pé ẹni yìí ka lẹ́tà mi. Lọ́jọ́ kejì ó fi àtúnṣe ránṣẹ́. Mo yọ wáyà, ohùn padà wá, ṣùgbọ́n ohùn ìyá ti tín-ín-rín bí ohùn ọmọ ọdún méjìlá. Mo gbé ohùn kan tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10 sí i, mo fi aago wọ̀n ọ́n, ó parí ní 9.2. Mo kọ iye yẹn sí i. Kò pé wákàtí kan tó fi fèsì: a gba ohùn náà sílẹ̀ ní ègé 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sípíkà tuntun ń jẹ ẹ́ ní 48,000. Àtúnṣe wọn ṣí ọ̀nà tuntun, ó gbàgbé ohun tó ń yí iye kan sí èkejì. "Àwa la jẹ̀bi," ló kọ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ra irú nǹkan báyìí, mi ò rí gbólóhùn yẹn gbà rí.

Ó ní kí n jẹ́ kí òun wo kóòdù mi. Ibẹ̀ ni mo ti gba ẹ̀bi tèmi. Ohùn tó ń ta pàrà bí èèpo ẹ̀pà lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́, tí mo ti di ẹrù rẹ̀ rù wọ́n, ọwọ́ mi ló ti wá. Inú callback, ìyẹn apá kóòdù tí sípíkà ń pè nígbà tó bá fẹ́ ohùn sí i, ni mo ti ń ka fáìlì. Fúrémù (ègé ohùn) 480 ni sípíkà ń béèrè lẹ́ẹ̀kan ní 48,000, ìyẹn ni pé ní gbogbo ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ló ń nawọ́. Bí dísíìkì bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àlàfo dé. Mo wá gbé buffer kan sáàárín wọn bí àmù: ọwọ́ kan ń pọn ohùn láti inú fáìlì sínú rẹ̀, ọwọ́ kejì ń bù ú fún sípíkà, kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kejì.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi jù ni ti Bluetooth. Fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń ṣí ọ̀nà ohùn, tí mo sì ń tì í. Sípíkà á ti sùn. Kó tó jí, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ti lọ. Igbá di gbá, ìgbà di gbà. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá sì ti ń bá wọn wí pé wọn ò tẹ́tí. Obìnrin náà ní kí n má tì í mọ́, kí n máa da òdo, ìyẹn ìdákẹ́jẹ́, sí i nígbà tí kò bá sí ọ̀rọ̀. Ìlà kóòdù mẹ́ta péré. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá yọ wáyà, wọ́n tẹ igbá, mo sì gbọ́ "i" rẹ̀ ketekete láti Íbàdàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Mo ti san owó ọdún kejì. Owó tí wọ́n ń gbà fún lílò ó lórí Linux ṣì dá dúró lọ́tọ̀, ó sì wọ́n. Mi ò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní lẹ́tà mi kò kan obìnrin yẹn. Láàárọ̀ yìí mo tún ṣí ìwé ìlànà wọn, mo wá ibi tí wọ́n ti sọ ohun tó yẹ kí ètò ṣe bí sípíkà bá kúrò. Kò tíì sí níbẹ̀.

Máàkì: 2 nínú 5.