Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra owó onírin àṣìtẹ̀ ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kó owó onírin àtijọ́ jọ, ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin kan tó ń tajà ní agbègbè Dùgbẹ̀ àti lórí WhatsApp, ẹni tó ń fi irinṣẹ́ ba owó jẹ́, tó sì ń sọ fún oníbàárà pé ilé-iṣẹ́ tó tẹ owó náà ló ṣe àṣìṣe, èyí tí àwa ń pè ní àṣìtẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Èyí tó ń tà jù ni kọ́bọ̀ oníhò (pẹ́nì) ọdún 1959, tí orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n tó ní ihò méjì. ₦85,000 ló gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa kan ní Mọ́kọ́lá lórí ẹyọ kan ṣoṣo. A fi awò wo inú ihò kejì yẹn: ó ń dán bíi bàbà tuntun, ipa dírílì yí i ká, etí rẹ̀ lápá kan sì yọ gánńgán débi pé ó ń ha ìka, bẹ́ẹ̀ ojú owó náà ti ṣú nítorí ọjọ́ pípẹ́. Ilé-iṣẹ́ a máa dá ihò sí irin pẹlẹbẹ kí òǹtẹ̀, ìyẹn irin tó ń tẹ àwòrán sára owó, tó lù ú. Nítorí náà, ihò tó bá jẹ́ àṣìṣe tòótọ́ yóò ti gbó bákan náà pẹ̀lú ara owó, ìlù òǹtẹ̀ yóò sì ti tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó tún ní náírà onírin ọdún 1991 tí àwòrán Herbert Macaulay wà lójú rẹ̀ méjèèjì. Owó méjì ni: wọ́n gbẹ́ inú ọ̀kan, wọ́n rẹ́ ara èkejì kù, wọ́n sì ti èyí bọ inú ti àkọ́kọ́. Ẹ wá ojú ìsopọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ inú etí rẹ̀, ẹ má wá a lóde. Bí ẹ bá sì jẹ́ kó bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, kò ní dún gooro bí odindi owó. Ti náírà méjì ọdún 2006, tí irin àárín rẹ̀ yàtọ̀ sí ti etí, tó yọ àárín rẹ̀ tó sì yí i padà kò tilẹ̀ yẹ kó gbà wá lásìkò, nítorí ìlù kan náà ló ń so àárín mọ́ etí tó sì ń tẹ àwòrán sí méjèèjì.

Ojúlówó àṣìtẹ̀ wà. Òǹtẹ̀ tó bá sán a máa fi ìlà tó yọ sókè sára owó, nítorí irin máa ń wọ inú ibi tó sán náà; ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi ọ̀bẹ ha owó, kòtò ló máa dá. Èyí nìkan tó láti tú àṣírí púpọ̀ nínú ọjà rẹ̀.

Inú ike tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa ló máa ń kó wọn sí, á ní bí ẹ bá ṣí i, owó náà kò níye lórí mọ́. Irọ́ gbáà ni. Ẹ má ṣe fi owó ránṣẹ́ kí ó tó ṣí i níṣojú yín.

Ẹni tó bá ti rà á, kí ó má ṣe tà á fún ẹlòmíràn láti fi rí owó rẹ̀ gbà padà. Kí ó tọ́jú ẹ̀rí owó tó fi ránṣẹ́ láti báńkì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp, kí ó sì kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀rẹ́ wa ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀.