"Alhaja, hosting yín ò kú"

Ó ku ọjọ́ márùn-ún péré kí a ṣọdún Iléyá ni wẹ́bùsáìtì tí mo fi ń ta léèsì àti gèlè di àwátì. Oníbàárà kan láti Lọ́kọ́ja ló pè mí: "Alhaja, ṣé ẹ ti kógbá wọlé ni?" Mo sáré ṣí i lórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa, l'Ábújà. NXDOMAIN ni mo rí. Mo kọ́kọ́ rò pé orúkọ àrùn ni.

Ohun tó bí mi nínú ni pé rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Oṣù méjì ṣáájú ni mo ti san owó hosting ọdún kan gbáko. Mo pe ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tí mo san án fún ní Wuse 2. Ọmọbìnrin tó gbé e ní kí n pa cache rẹ́. Mo ní kí ni cache? Ó ní ó lè jẹ́ DNS. Mo ní kí ni DNS? Ni orin bá bẹ̀rẹ̀ létí mi. Ìṣẹ́jú 11 ni mo fi gbọ́ orin yẹn, ọmọ tó ń bá mi tajà ti há a sórí. Nígbà tó padà dé, ó ní: "Mà, lọ́dọ̀ tiwa, kò sí wàhálà kankan."

Kò sí wàhálà kẹ̀! Mo wọkọ̀ lọ bá wọn, rìsíìtì lọ́wọ́ bí ẹni tó ń lọ kóòtù.

Ọmọkùnrin Haúsá kan ló dá mi lóhùn, Yorùbá ló sì sọ, torí Sabo n'Íbàdàn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. "Alhaja, hosting yín ò kú. Orúkọ yín ló kú." Ó ní hosting ni ṣọ́ọ̀bù tí mo háyà, gbogbo àwòrán léèsì mi ṣì wà níbẹ̀. Domain ni orúkọ tí èèyàn fi ń béèrè mi, owó tirẹ̀ yàtọ̀. DNS ló ń júwe ọ̀nà: ẹ dárúkọ fún un, á fún yín ní nọ́ńbà ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, ìyẹn IP address. Tí owó orúkọ bá ti tán, á ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. NXDOMAIN náà nìyẹn. Abájọ tí ímeèlì mi, tó ń lo orúkọ yẹn náà, fi dákẹ́!

Ara mi wálẹ̀. Mo fi POS san án lójú ẹsẹ̀. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan máa ń rántí ìdáhùn àtijọ́ fúngbà díẹ̀ (cache ọjọ́sí!), pé ó lè tó wákàtí 48. Lóòótọ́, àbúrò mi n'Ílọrin rí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tèmi ní Kubwa di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n mo bi í pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò rán mi létí. Ó wo kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ yí padà. Orúkọ ilé iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi ra domain mi! Ìránnilétí wá lóòótọ́, inú ímeèlì wọn ló wọ̀. Máníjà ní bí àwọn ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Mo jókòó, mo ní màá kọ̀wé sí NiRA, àjọ tó ń bójú tó domain tó parí sí .ng. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, orúkọ mi ló wà níbẹ̀.

Wẹ́bùsáìtì náà ń yára ṣí, ìyẹn ò ṣeé jiyàn.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti san ti ọdún méjì sí i: domain lọ́tọ̀, hosting lọ́tọ̀, rìsíìtì méjì.